Gílóòbù Mẹ́ta

Gílóòbù mẹ́ta ló wà níwájú mi nínú yàrá òkùnkùn,
ní Kétu, lẹ́yìn ògiri Àkábà.
Ọ̀kan funfun bí omi ògì:
ti ọ̀gá mi Adégbìtẹ, kó tó fẹ̀yìn tì.
Ọ̀kan dé láti Kútọnu,
kì í gbóná rárá, ó tutù bí ojú oníbodè.
Ìkẹta mọ́ gaara, wáyà inú rẹ̀
tín-ín-rín bí irun ewúrẹ́.

Ìyá Ọmọ́bọ̀dé jókòó níta, ó ń retí ẹ̀gbọ́n rẹ̀
tó kú lọ́dún tí òwú jóná.
Fíìmù kan ṣoṣo ló kù,
eku sì ti fi èékánná kọ̀wé sí i.

Mo tan funfun. Àpá eku parẹ́,
ojú ọkùnrin náà dán bí ti ọmọ ìkókó.
Ó dára.
Ó dára jù:
ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti bá àpá lọ.

Ti Kútọnu, n ò tilẹ̀ dán an wò.

Mo lọ́ èyí tó mọ́ gaara sẹ́nu ẹ̀rọ.
Eruku jáde, àpá jáde, ilà jáde.

Ìyá wo bébà tó ṣì ń kán omi.
"Èwo ni ti eku níbẹ̀?"
Mo fi ìka hàn án.
"Fi í sílẹ̀. Òun náà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun tún ojú ṣe."