Ọjọ́ Tí Kàlẹ́ńdà Ò Mọ̀

Lọ́dọọdún, bí oṣù Bélú bá ti pé ọjọ́ mọ́kànlá,
wọn a gbálẹ̀ iwájú ọ́fíìsì ní Kétu,
wọn a fi ẹfun kun òkúta ìdí òpó àsíá,
sójà kan a fọn fèrè idẹ.
Èmi tíṣà a sì máa pe àwọn òkú lórúkọ,
àwọn ọmọ ilé-ìwé a máa jẹ́ ẹ fún wọn:
«Ó kú fún ilẹ̀ Faransé.»

Mo ti kọ́ wọn lọ́jọ́.
Ọjọ́ tí ogun Jámánì parí,
ọjọ́ kìíní oṣù Ògún tí a gba òmìnira,
ọgbọ̀njọ́ Bélú tí Dàhòmì sùn
tó jí, tó ń jẹ́ Bẹ̀nẹ̀.
Wọ́n ń kà á bí ẹni ń ka hóró àgbàdo.
Ẹni tó bá gbàgbé ọ̀kan, mo máa ń nà án.

Lọ́dún yìí ni Ìyá Àwẹ̀ró gbé àpótí rẹ̀ dé,
ó jókòó sáàárín ọ̀gá ọlọ́pàá àti ọ̀gá aṣọ́bodè,
kò tọrọ àyè.
Mo ka orúkọ kìíní, mo ka èkejì.
Ìkẹta: Ogouchola.
Ó ní, «Ta nìyẹn?»

Bàbá rẹ̀ ni.
Ògúnṣọlá, ọmọ ilé alágbẹ̀dẹ.
Akọ̀wé tó kọ ọ́ ò mọ lẹ́tà tó lẹ́sẹ̀;
ó gé e, ó fi orúkọ náà ránṣẹ́ sílẹ̀ yìnyín
ní títiro.

«Oyún mi ló wà nínú ìyá mi.
Ẹ̀pà là ń hú. Ọjọ́ ọjà ni.
Wọ́n dúró lẹ́nu Akàbà,
wọ́n ń ka ọkùnrin bí ẹni ka ewúrẹ́.
Àwọn tó lẹ́sẹ̀ sá wọ Ìmẹ̀kọ, sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì.
Bàbá mi ti dé etí igbó.
Ó padà lọ mú ọkọ́.

Ọkọ́ náà wà lájà títí mo fi relé ọkọ.

Ìyá mi ò mọ Bélú.
Bí ẹ̀pà bá ti gbó, tó bọ́ sọ́jọ́ ọjà,
a kì í hú èbè tó kẹ́yìn.
A ó fi í sílẹ̀ fún un.
Ẹ̀yin lẹ ní ogun parí láago mọ́kànlá.
Ta ló wá sọ fún wa lóko?»

Ọ̀gá aṣọ́bodè ń wo bàtà rẹ̀.
Ọyẹ́ àkọ́kọ́ ń gbọn bébà lọ́wọ́ mi.
Bébà ìjọba ni.
Mo yọ bírò, mo pa lẹ́tà méjì rẹ́,
mo kọ ọ̀kan, mo fún un lẹ́sẹ̀.
Mo tún un pè:
Ògúnṣọlá.

Àwọn ọmọ lanu.
Ìyá Àwẹ̀ró ti ṣáájú wọn:
«Ó padà lọ mú ọkọ́.»

Ọmọ kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn.
Mi ò nà án.