Fọ́ọ̀mù Ìyá, Fọ́ọ̀mù Ọmọ

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ní Ìbarà, iná ti lọ,
mo ń fi ìwọ̀nba bátìrì tó kù nínú kọ̀ǹpútà
tún fọ́ọ̀mù tò fún ìgbà kẹfà.
Ojú ewé kan fún ilé: òun ni ìyá.
Ojú ewé kan fún ẹnìkọ̀ọ̀kan tó ń sùn níbẹ̀: àwọn ni ọmọ.
Nọ́ńbà ilé ni ìwọ́ tó so wọ́n pọ̀.
Bí ìwọ́ bá já,
ọmọ á máa rìn káàkiri inú tábìlì,
ẹnikẹ́ni ò ní í pè é wá jẹun.

Arábìnrin Ṣónẹ́yẹ, ọ̀gá wa, ti kìlọ̀ fún mi:
"Má kọ òrùlé kan náà síwájú orúkọ ọmọ mẹ́jọ.
Ọ̀kan ni òrùlé; ẹ̀ẹ̀kan ni kí o kọ ọ́."
Mo gbà. Páànù kan ṣoṣo tó ti dógùn-ún
kò yẹ kó di mẹ́jọ nínú ìwé ìjọba.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Kúnbi gbé e gun òkè Àgọ́-Ìkà,
ó gba àárín àpáta tí ewúrẹ́ ń sùn lé
dé ilé kan tí òjò ti fọ nọ́ńbà ara ògiri rẹ̀ dànù.
Màmá Efúnyẹmí wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí.
Ìbéèrè kẹrin: Ọmọ mélòó lẹ bí?
Màmá wò ó títí.
"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.
Ta ló kọ èyí?"

Èmi ni, Màmá.
Èmi tí ìyá tèmi náà ò sọ iye wa fún ẹnikẹ́ni rí,
àfi kó ní, "Wọ́n pọ̀, a dúpẹ́."
Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù mi ò gbọ́ "wọ́n pọ̀".
Iye ló ń gbà kó tó ṣílẹ̀kùn:
sọ pé mẹ́ta, á la ojú ewé mẹ́ta;
sọ pé òdo, á fò ọ́ kọjá
bí ẹni tí kò rọbí rí.

Kúnbi pè mí. Ó gbé fóònù sílẹ̀ lórí àpótí.
Mo gbọ́ tí Màmá ń pe orúkọ; kò kà, pípè ló ń pè:
Ṣówùnmí, ó wà ní Ṣágámù.
Ìdòwú, tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Láfẹ́nwá.
(Àwọn ìbejì tó ṣáájú Ìdòwú ń kọ́?
Ẹnu mi ò gbà á.)
Ó dákẹ́. Èèpo ẹ̀gúsí ń dún pà, pà.
Mosúnmọ́lá.
"Ṣé òun náà wà nílé, Mà?"
"Ó wà nílẹ̀."

Ìgbà náà ni Tanímọ̀la jáde, ọmọ Mosúnmọ́lá,
ọmọ ọdún méje, pẹ̀lú sálúbàtà ẹsẹ̀ kan.
Kúnbi kọ orúkọ rẹ̀.
Fọ́ọ̀mù béèrè nọ́ńbà ìyá, kò rí i nínú ilé,
ó sì yọ lẹ́tà pupa tí èmi fúnra mi kọ sí i:
ÀKỌSÍLẸ̀ YÌÍ KÒ NÍ ÌYÁ. Ẹ PA Á RẸ́.
Ọmọ náà ti mọ̀wé kà.
Ó kà á sókè.

Mi ò lè jẹun ọ̀sán.
Mo yí i padà: kí orúkọ ṣáájú iye,
kí fọ́ọ̀mù máa kà á ní kọ̀rọ̀ ara rẹ̀
bí ẹni tó mọ èèwọ̀.
Mo ya "ta ló bí i" kúrò lára "ta ló ń tọ́ ọ",
kí ọmọ lè ní ìwọ́ méjì.
Ọ̀gá ní ìbéèrè ti pọ̀ jù, owó ojú ewé ń gorí ara wọn.
Mi ò tíì rí ibi tí mo lè kọ Mosúnmọ́lá sí.

Kúnbi padà lọ́jọ́ Ẹtì. Màmá ràn án níṣẹ́ sí mi:
"Bá mi bi ẹni tó kọ ọ́,
ọmọ mélòó ni ìyá tirẹ̀ bí?"
Mo ní kó sọ fún un pé iná ti lọ.