Tábìlì Aláwọ̀ Ewé ní Utako

Mo ra tábìlì kan, aláwọ̀ ewé,
èyí tí wọ́n ń gbá tẹníìsì lórí rẹ̀.
Ó wọ́n. Mi ò tilẹ̀ ná an.
Mo ní, ẹ̀yin ọmọ tó ń kọ kóòdù, ẹ máa ṣeré,
kí inú yín lè dùn.
Lẹ́yìn oṣù kan, eruku ọyẹ́ ti bò ó mọ́lẹ̀;
ẹnì kan fi ìka kọ "ẹ kú iṣẹ́" sínú eruku náà.
Mo rí i, mo rẹ́rìn-ín,
mi ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá wí.

Mo tún ra ṣẹ́ẹ̀tì: "Ẹbí kan ni wá."
Bítúrọ́ọ̀sì fi tirẹ̀ nu kọ̀ǹpútà.
Mo ra ẹ̀rọ kọfí tó ń hó fúnra rẹ̀.
Fọ́lọ́runṣọ́ mu kọfí, ó dúpẹ́, ó lọ sí Kánádà.
Ó kí mi dáadáa kó tó lọ.
Ẹni tó bá kí ni dáadáa jù lọ́jọ́ ìdágbére,
ọkàn rẹ̀ ti di ẹrù tipẹ́.

Ọjọ́ Mọ́ńdè kan ni Láńtánà gbé ìwé tirẹ̀ wá.
Láńtánà, ọmọ Kafanchan, tí kì í pariwo,
tó máa ń bá àṣìṣe inú kóòdù sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́
bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.
Mo ní, "Ṣé owó ni?"
Ó ní, "Owó tó mi í jẹ, ọ̀gá, mi ò ní purọ́."
Mo ní, "Ṣé tábìlì ni? Ṣé ẹ fẹ́ èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ?"
Ó wò mí.
Jẹnẹrétọ̀ kú. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́.
Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ti sọ ọ́:

"Oṣù márùn-ún ni mo fi hun nǹkan kan.
Ọjọ́ Jímọ̀ kan, gbólóhùn kan, ẹ ti tú u,
ẹ sì ní ká lọ jẹun.
Mo ń ju ọkàn sínú iṣẹ́ bí ẹni ju garawa sí kànga.
Kànga náà jìn.
Kí n tó fà á dókè, ẹ ti pè mí sípàdé.
Ìgbà mẹ́fà lóòjọ́ ni garawa mi ń já padà.
Ó sì di ọdún méjì, ọ̀gá,
mi ò tíì rí ẹnì kan ṣoṣo tó mu nínú omi náà."

Mi ò rí èsì fọ̀.
Ọ̀rọ̀ téèyàn ò retí kì í bá ahọ́n nílé.

Ní Ọjọ́bọ̀, èmi àti òun gba ọ̀nà Kuje,
a dé ilé ìwòsàn kékeré kan tí ọ̀dà ara ògiri rẹ̀ ti ń ṣí.
Nọ́ọ̀sì kan, Màmá Àsábé,
ń wá orúkọ ọmọ tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́.
Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, orúkọ jáde.
Ó ní, "Tẹ́lẹ̀, ìwé là ń tú. Eku a máa jẹ ọjọ́ ìbí ọmọ.
Ta ló ṣe nǹkan yìí?"
Mo na ìka sí Láńtánà.
Obìnrin náà kò pàtẹ́wọ́. Ó sún fún un lórí bẹ́ǹṣì,
ó ní, "Ó dáa bí o ṣe wá.
Bọ́tìnnì yìí kéré jù fún ojú mi."

Láńtánà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kò rí láti ìgbà òjò.
Ó yọ bírò, ó kọ ọ́ sẹ́yìn ọwọ́.

Mi ò ní sọ pé ó ya ìwé náà.
Ó ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Kò béèrè rẹ̀, mi ò dá a padà.
Àárọ̀ ti di tiwọn: kò sí ìpàdé títí oòrùn yóò fi kan àtàrí.
Bí mo bá sì fẹ́ tú ohun tí ẹnì kan hun,
màá kọ́kọ́ jókòó tì í, kó sọ ìdí tó fi hun ún bẹ́ẹ̀;
nígbà míì, èmi ni mo máa ń dìde láìtú nǹkan kan.
Bítúrọ́ọ̀sì ṣì ń fi ṣẹ́ẹ̀tì nu kọ̀ǹpútà.

Tábìlì ńkọ́?
Lọ́jọ́ Jímọ̀ a ń tẹ́ bébà sórí rẹ̀,
wọ́n á gbé máásà wá láti ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí, gbígbóná,
a ó dúró yí i ká, nẹ́ẹ̀tì á wà láàrin,
ẹni tó wà lápá ìhín
á máa na àwo sí ẹni tó wà lápá ọ̀hún.