Ẹ̀wọ̀n Tó Jáde Lẹ́nu

Ọ̀gbẹ́ni Fágbàmígbé fi ṣọ́ọ̀kì yàwòrán sí pátákó:
arúgbó kan, orí pípá, awọ kìnnìún léjìká,
ẹ̀wọ̀n wúrà tín-ín-rín jáde lórí ahọ́n rẹ̀,
ó so mọ́ etí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn.
Wọn ò janpata. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.
"Báyìí làwọn ará Yúróòpù ṣe ya agbára ọ̀rọ̀," ni olùkọ́ wí,
"lásìkò tí wọ́n gbọn eruku kúrò lára ìwé Gíríìkì àti Róòmù.
Wọ́n ní inú igbó lèèyàn wà tẹ́lẹ̀, kálukú bí ẹranko,
títí ẹnìkan fi dìde tó sọ̀rọ̀,
tí wọ́n gbọ́, tí wọ́n kọ́lé kojú síra wọn."

Èmi ń ro ti Òṣogbo.
Àwa náà, ohùn ló tẹ̀ wá dó:
igi wó lu odò, ẹnìkan sì ké láti inú omi
pé ìkòkò aró òun ti fọ́ tán.
Àwọn ọdẹ ìbá sá lọ. Wọ́n dúró gbọ́.
Bí ohùn náà ṣe pè wọ́n, ìyẹn la ń jẹ́ dòní.

Múfútáù ẹ̀gbọ́n mi, tó ń tún kíláàsì kà,
jókòó lẹ́yìn, kò gbójú sókè.
Akólòlò ni. Bó bá fẹ́ ra búrẹ́dì, á nawọ́ sí i.
Olùkọ́ sọ fún un nípa Gíríìkì kan tó kó òkúta sẹ́nu,
tó ń sọ̀rọ̀ lé ariwo òkun lórí.
A ò lókun. Hájíà ni ìyá wa, síbẹ̀ ó ní
òkúta odò Ọ̀ṣun kì í ṣe ohun tí à ń kó sẹ́nu.
Múfútáù gba ojú irin lọ.
Òkúta rélùwéè, dúdú, tó ń rùn bí epo ọkọ̀:
ó fọṣẹ fọ mẹ́ta, ó kó wọn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́,
ó ń dúró de ọkọ̀ ẹrù tó ń bọ̀ láti Ọ̀ffà.
Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ rí.
Iṣan ọrùn rẹ̀ ni mò ń wò.

Lọ́dún tí wọ́n fẹ́ lé àwọn onísọ́ọ̀bù kúrò nídìí ojú irin,
èèyàn kún gbọ̀ngàn ìlú títí dé ojú fèrèsé.
Lọ́yà sọ tiẹ̀. Ó dùn bí oyin, a fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn.
Múfútáù dìde.
"Ì-ì-ì-"
Ó dúró. Gbogbo ilé tẹ̀ síwájú.
"Ìyá mi ti ń ránṣọ níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélógún.
Ìwé yín ní ilẹ̀ náà ṣófo.
Ẹ wá k-kà á sí i létí."
Mo rí ẹ̀wọ̀n náà lọ́jọ́ yẹn, mo búra.
Àárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì ló ti ń dán,
níbi tó ti ń kólòlò gan-an.
Wọn ò lé ẹnikẹ́ni.

Káńsẹ́lọ̀ ni báyìí. Ahọ́n rẹ̀ ti ń yọ̀.
Ó ń sọ̀rọ̀ ní oríta Ọláìyá láìmí,
wọ́n á ti pàtẹ́wọ́ kó tó parí gbólóhùn.
Mo wò ó dáadáa: ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀ lóòótọ́,
àmọ́ ta ló ń fa ta?
Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ni wọ́n ń fà jáde lẹ́nu rẹ̀,
díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fa omi kànga.
Olùkọ́ ò sọ fún wa pé ẹ̀wọ̀n lórí méjì.

Òkúta mẹ́ta yẹn wà lọ́wọ́ mi, nínú agolo mílò.
Lálẹ́ àná mo gbé ọ̀kan sẹ́nu. Ó tutù.
Mo fẹ́ fi pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi,
orúkọ tí mo mọ̀ kí n tó mọ tèmi.
Ètè mi pàdé.
M,
ni mo wí,
mo sì há síbẹ̀.