Ìwé Mẹ́ta Lórí Tábìlì Múínátù

Ẹ̀wù òtútù ni mo wọ̀ lọ, ọyẹ́ ń fẹ́ ní Sábó Zàríà,
erukuku ti kun ètè gbogbo wa bí ẹni tó jí ìyẹ̀fun lá.
Ìwé ìlera mẹ́ta wà nínú náílọ̀n dúdú lábẹ́ abíyá mi:
ọ̀kan láti ọwọ́ ọkùnrin tó de táì pupa,
tó pè mí ní Dádì kó tó béèrè orúkọ mi,
ọ̀kan láti ṣọ́ọ̀ṣì,
ọ̀kan tí àbúrò ìyàwó mi fi ránṣẹ́ láti Kàdúná.
Arúgbó eléyín funfun ló ń rẹ́rìn-ín lára ìwé kọ̀ọ̀kan.
Kò sí èyí tó jọ mí.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣọ́ iná rélùwéè.
Pupa, dúró. Àwọ̀ ewé, máa bọ̀.
Kò sí lẹ́tà wẹ́wẹ́ lábẹ́ iná.
Ṣùgbọ́n ti inú ìwé wọ̀nyí tò lọ nísàlẹ̀
bí èèrà tó ń gbé òkú tata,
mi ò sì mọ ibi tí wọ́n ń gbé e lọ.

Múínátù, ọmọ Làmídì tó ń tún aago ṣe,
ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju ìdajì yàrá, ògiri kan náà ni òun àti fọkanáísà.
Kò lẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan mọ́ ara ògiri.
Ó ní, "Bàbá Sígínà, gbogbo wọn ni mo ń bá tà,
n kò bá ìkankan mulẹ̀."
Mo rò pé iye owó ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ.
Ó ní, "Ẹ jẹ́ n rí oògùn Màmá."

Mo tú u sílẹ̀: ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ìtọ̀ ṣúgà,
èyí tó pupa roboto tí Adúnọlá ń pè ní "ọ̀gá wọn",
torí òun ló ń jẹ owó ìfẹ̀yìntì mi jù.
Ó béèrè: ọsibítù wo? Ta ló mọ̀ yín níbẹ̀?
Bó bá di ọ̀gànjọ́, kí lẹ ó gùn débẹ̀?
Mo ní kẹ̀kẹ́ Dánjúmà ni, bó bá jí.
Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ Dánjúmà náà sínú ìwé.

Ti onítáì ló dínwó jù.
Múínátù fi ìdí bírò la ọ̀nà láàárín àwọn èèrà:
"Kàdúná ni ọsibítù wọn wà, Bàbá.
Ẹ̀jẹ̀ Màmá kò lè dúró de Kàdúná."
Ti ṣọ́ọ̀ṣì kò mọ ọ̀gá rí.
Ìkẹta gba oògùn, ó gba ọsibítù ẹ̀yìnkùlé wa,
ó gba nọ́ọ̀sì Rifkatu tó máa ń bá Adúnọlá wí bí ọmọdé;
àmọ́ ojú Adúnọlá tó ń ṣú, tó ń fẹ́ iṣẹ́ abẹ,
ìwé ní ó di lẹ́yìn oṣù méjìlá.

Mo bínú. Mo ní ṣé ojú mọ kàlẹ́ńdà ni?
Kò bá mi jiyàn, kò sì bẹ̀ mí.
"Ẹ má fọwọ́ sí i lónìí. Ẹ gbé e lọ kà fún wọn.
Ojú wọn ni, kì í ṣe tiyín."

Mo kà á fún un lálẹ́, iná fóònù lórí ìwé,
àti èèrà, àti òkú tata.
Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé ó ti sùn.
Ó wá ní, "Ọkọ̀ ojú irin Jọ́ọ̀sì ọjọ́un,
tí ẹ ní aago mẹ́ta ló ń bọ̀,
tí èmi àti ọmọ jókòó lé àpótí títí ilẹ̀ fi mọ́,
ṣé a kò padà wọ̀ ọ́?"
Mo ní a wọ̀ ọ́.
"Ta ló gbé àpótí?"
Mo ní èmi ni.
"Ó dáa. Ẹ mú bírò wá, kí ẹ di ọwọ́ mi mú síbi ìlà."

Ọwọ́ rẹ̀ tutù.
Ìlà náà kò gba orúkọ rẹ̀ tán;
ó kọ ọ́ jáde, ó wọ àárín àwọn èèrà.