Dò Kan Péré

Ọjọ́ tí mo dé Òrò, òjò ń pa tìmùtìmù mi lórí ọ̀kadà.
Ọlọ́kadà sọ mí kalẹ̀ níwájú ilé kan
tí wọ́n fi ẹfun kọ lẹ́tà gàdàgbà sí lára ògiri:
ILE ALAGBE.
Kò sí àmì lórí rẹ̀ rárá.
Mo kà á bí ebi ṣe kọ́ mi kà á:
ilé alágbe.
Mo ní, háà, Abíọ́nà, o san ẹgbàáwàá náírà
fún ẹni tí ń ṣagbe!
Mo di báàgì mi mú.
Lálẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti Rísíkátù ọmọ Ṣààrẹ́
fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín títí gààrí fi wú nínú abọ́.

Ní kíláàsì, Ìyáàfin Ọ̀jẹ́wálé fi bírò pupa
dúńbú ìwé mi bí ẹran iléyá.
Mẹ́rin nínú ogún.
“O sọ ìlú di ìlù, o sọ igbá di ìgbà.
Olùkọ́ lo fẹ́ dà. Ta ni yóò gbé ọmọ rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́?”
Mo ń kùn nínú pé ṣebí lórí fóònù
gbogbo wa ń kọ ọ́ lásán, a sì ń gbọ́ ara wa yé.
Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ yẹn ni Rísíkátù kọ ọ́ sí mi: Mo ti ri oko.
Mo ti gbé ẹrù dé ojú títì, mò ń wo ọ̀nà Ajáṣẹ́,
kí n tó mọ̀ pé ọkùnrin ló ń wí.

Òru kan, iná lọ. Ìdánwò ku ọ̀la.
Mo ń fi tọ́ọ̀ṣì ka ìwé nígbà tí mo gbọ́ ọ:
ṣẹ̀kẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀,
bí òjò tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jí.
Mo yọjú.
Bàbá Láwàní onílé wa ló jókòó sórí àpótí,
agbè ńlá láàrin orúnkún rẹ̀,
ìlẹ̀kẹ̀ bò ó bí ẹ̀wù.
Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a nídìí,
ìdí náà fọhùn bí ẹni tó wà nínú kànga.
Kò kọrin. Ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì.
Wọ́n ní méje ni wọ́n tẹ́lẹ̀;
wọ́n ṣeré dé Ọ̀fà, dé Òmù-Àrán.
Òun ló kù, àti agbè mẹ́ta lórí àjà.

Alágbè. Re, mí, dò.
Dò kan péré ni mo jẹ ẹ́.

Oṣù Èrèlé, bàbá mi pè láti Jẹ́bà:
owó oṣù kò wọlé, kí n mú sùúrù.
Gààrí dé ìdí garawa, owó ilé pé.
Mo lọ kúnlẹ̀.
Bàbá wò mí títí.
“Abíọ́nà, èwo nínú àwa méjèèjì wá ni alágbe?”
Ojú tì mí. Ògiri ilé yẹn mà fẹ́lẹ́ o.
Ó rẹ́rìn-ín, ó sún ike ìlẹ̀kẹ̀ àti òwú sí mi lẹ́sẹ̀.
Ẹ̀wù agbè kan ti já.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi sín in, ìka mi wú.
“Má so ó le jù, kò ní lè mí.
Ibẹ̀ yẹn, o fo ìlẹ̀kẹ̀ kan. Tú u.”
Bàbá, ọ̀kan ṣoṣo ni.
“Ọ̀rọ̀ mìíràn ni yóò sọ. Tú u.”
Àfi bíi pé Ìyáàfin Ọ̀jẹ́wálé wà lórí àjà.

Ọjọ́ tí mo ń lọ, mo gun àpótí rẹ̀,
mo fi ẹfun fa ọ̀kan sókè, ọ̀kan sílẹ̀.
Bàbá ní, “Òjò á pa á rẹ́.”
Ó ṣeé ṣe kí ó ti pa á rẹ́.
Bí ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá, tí ẹ kò rí nǹkan lórí lẹ́tà tó kẹ́yìn,
ẹ jọ̀ọ́,
ẹ rẹ ohùn sílẹ̀.