Ìka Tí A Ká Kò

Òjò ti gbà wá kí a tó dé ìdí òkè.
Kì í ṣe òjò tí ń halẹ̀, tí ń sán ààrá, tí ń lọ;
òjò Andasibe ni, ó jókòó sórí igbó
bí àlejò tí ó ti tú ẹrù rẹ̀.

Bàbá mi, Ralaivao, ń lọ níwájú.
Àpò ìrẹsì ni ó lu ihò mẹ́ta sí, tí ó wọ̀ bí ẹ̀wù.
Èmi wọ aṣọ òjò tí mo fi owó gọbọi rà ní Antananarivo,
èyí tí ẹni tó tà á fún mi búra pé
omi kò ní í mọ ọ̀nà ibẹ̀.
Omi mọ̀ ọ́n. Ó gba ọrùn wọlé, ó gba bàtà jáde.
Bàbá bojú wẹ̀yìn, kò wí nǹkan kan;
ẹ̀rín rẹ̀ kàn ń mi èjìká àpò náà.

Igbó ń rùn bí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí.
Ẹrẹ̀ gba bàtà òsì mi, ó kọ̀, kò dá a padà
àfìgbà tí mo fi ọwọ́ méjèèjì bẹ̀ ẹ́.
Eṣúṣú nàró lórí ewé, tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ,
wọ́n ń fi orí wá wa kiri.
Mo ka mọ́kànlá lára ìbọ̀sẹ̀ mi, mo jáwọ́ nínú kíkà.
Àtẹ̀gùn pákó tí ìjọba kàn ti jẹrà;
ìṣó ló kù, tí ń wo ojú ọ̀run.

“Ọdún mélòó ni o ti gun ibí gbẹ̀yìn?”
Mo ní mẹ́fà.
Ó mọ̀ pé mẹ́fà ni.

Níbi tí ọ̀nà ti pín, ó fa ewé ńlá kan wálẹ̀,
ó ní kí n mu omi inú rẹ̀.
“Bàbá, nínú òjò yìí? Ta ni òùngbẹ ń gbẹ?”
“Mu ún. Ìyá rẹ kì í kọjá ibí láìmu.”
Mo mu ún. Ó tutù, ó ní ìtọ́wò kòkòrò díẹ̀.

Nígbà náà ni babakoto ké,
ẹranko bí ọ̀bọ, tí ìrù rẹ̀ kò ju kùkùté,
tí a kì í pa, èèwọ̀ ni.
Ohùn rẹ̀ gùn, ó gùn, ó wá já bọ́
bí ẹni tó gbàgbé ẹni tí òun ń pè.
Bàbá dúró. Orúnkún rẹ̀ ló ní kí ó dúró,
ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ sétí bí ẹni pé igbe náà ni.
Mo bá a pa irọ́ náà. Mo tẹ́tí.

Ibi ìwòran: pákó mẹ́jọ, irin tó ti dípẹtà,
máàpù tí oòrùn ti fọ̀ funfun
láyé ìgbà tí oòrùn ṣì ń wá.
Ìkùukùu ló kù, láti òkè délẹ̀,
bí ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹfun kùn.
Èyí ni mo wọ ọkọ̀ wákàtí mẹ́rin fún.

Bàbá na ìka sínú funfun náà, gbọnrangandan.
“Ambodivola nìyẹn.
Oko ìrẹsì Raketaka nìyẹn, ó tún ti jẹ́ kí èpò bò ó.
Ojú irin rèé. Afárá tí omi gbé lọ lọ́dún tí a bí ọ.”
Mo ń wò, mo ń mi orí, n kò rí nǹkan kan.

Ó wá yí díẹ̀ sí ìlà oòrùn.
Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú,
ó ká ìka náà kò.
Lọ́dọ̀ wa, a kì í na ìka gbọọrọ sí ibojì;
oríkèé ni a fi ń júwe rẹ̀, bí ẹni fẹ́ kan ilẹ̀kùn.

Kò sí ibojì kankan lójú wa.
Bí ó bá tilẹ̀ nà án, ta ni ì bá mọ̀?
Omi ń kán láti oríkèé rẹ̀.

Mo yọ ọwọ́ nínú àpò, mo ká tèmi náà kò.
“Sún un sápá òsì díẹ̀,” ni ó wí.